Ta ló ń pàṣẹ ní fásitì?

Fásitì Olabisi Onabanjo kò sí lójú kan. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá a sílẹ̀ ní 1982. Ọdún 2001 ló gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Àgọ́-Ìwòyè ni olú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Ṣágámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n fi sọrí Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́.

Ká ní àwọn olùkọ́ tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kiri wọ́ọ̀dù ní Ṣágámù fẹ́ tún ètò ìdánwò ṣe. Wọn kò lè dá a ṣe. Ẹ̀ka wọn yóò kọ́kọ́ jókòó lé e lórí, ọ̀rọ̀ yóò dé ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́yìn náà Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀gá àgbà fásitì ti ń ṣe alága. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń kọ́ni gbọ́dọ̀ lóhùn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀rọ̀ owó àti ìgbanisíṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Olùdarí. Gómìnà ìpínlẹ̀ ni Olùbẹ̀wò fásitì, ìyẹn ẹni tó dúró fún ìjọba tó dá a sílẹ̀.