Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Lésà Fín Nǹkan

Ọmọ mi, o ti ra ẹ̀rọ lésà, o sì ti gba ṣọ́ọ̀bù sí Ṣómólú láàárín àwọn atẹ̀wé. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè tí ò ń bi mí, ti ẹ̀rọ ni: wáàtì rẹ̀, eré rẹ̀, dígí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí mo ti rí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, inú fáìlì ni ọ̀pọ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ rárá. Ohun tí fáìlì bá wí ni lésà yóò jó. Bí orúkọ ènìyàn bá wọlé láìpé, láìpé náà ni yóò jó o sára pákó, kò sì sí rọ́bà tí a lè fi pa á rẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ nǹkan wọ̀nyí fún ọ.

1. Kọ́kọ́ mọ irú àwòrán tí wọ́n gbé wá. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ilà, tí à ń pè ní vector. Lésà lè tẹ̀lé ilà náà láti gé nǹkan, o sì lè sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré láìbàjẹ́. Inú SVG, DXF, AI tàbí PDF ló sábà máa ń wà. Ìkejì jẹ́ kìkì pixel, irú èyí tó wà nínú JPG àti PNG; lésà á máa lọ á máa bọ̀ lórí rẹ̀ láti fín in. Má ṣe gba orúkọ fáìlì gbọ́. Bí ẹnìkan bá kó JPG sínú PDF, PDF ni orúkọ rẹ̀, JPG ṣì ni inú rẹ̀. Fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà dáadáa: bí etí rẹ̀ bá ń rí págunpàgun, pixel ni.

2. Má gba lógò bí àwòrán lásán lórí WhatsApp. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, yóò sì ba etí lẹ́tà jẹ́. Sọ fún oníbàárà pé kó fi í ránṣẹ́ bíi Document. Kó o tó gba owó, ṣírò rẹ̀: bí o bá fẹ́ fín in ní 254 pixel sí íǹṣì kan, àwòrán tó fẹ̀ ní pixel 600 kò lè ju mìlímítà 60 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Trace wà nínú LightBurn, sọ́fítíwíà tó ń darí lésà, ó wà nínú Inkscape tí a fi ń yàwòrán náà, yóò sì sọ pixel di ilà fún ọ. Ṣùgbọ́n bí lógò náà kò bá le, àtúnyà rẹ̀ dára ju Trace lọ. Mo ti rí lógò ilé ìjọsìn tí Trace sọ àgbélébùú rẹ̀ di igi wíwọ́, àwọn tó ni ín sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

3. CorelDRAW ni gbogbo àdúgbò rẹ ń lò, LightBurn kì í sì í ṣí CDR, fáìlì tirẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́ sí SVG tàbí PDF. Bó bá jẹ́ AI, fáìlì Illustrator, ni wọ́n fẹ́ fún ọ, kí wọ́n fi sílẹ̀ pé kó bá PDF mu nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀.

4. Wọn àwòrán ní kété tó bá wọlé. Inkscape àtijọ́ ń ka pixel 90 sí íǹṣì kan. Láti ẹ̀dà 0.92 tó jáde ní 2017 ló ti ń ka 96. Illustrator ń ka 72 ní tirẹ̀. Bí fáìlì SVG bá ti ọ̀dọ̀ Illustrator wá, tí sọ́fítíwíà rẹ sì ń ka 96, ohun tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 100 yóò wọlé ní 75. Ojú kì í tètè rí i, torí pé gbogbo rẹ̀ ló jọ kéré. Ààyè wà nínú ètò LightBurn tí o ti lè yan iye tó bá fáìlì mu.

DXF tún ní wàhálà tirẹ̀. Láti 1982 tí Autodesk ti gbé e jáde pẹ̀lú AutoCAD ni a ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ DXF tí yóò dé ọwọ́ rẹ kì í sọ bóyá mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí íǹṣì. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 50 lè wọlé ní 1270, kó fẹ̀ ju tábìlì ẹ̀rọ rẹ lọ. Èyí tilẹ̀ sàn, torí o máa rí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya àpótí onígun mẹ́rin, mìlímítà 50 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, sí igun iṣẹ́ níbi tí mo ti yà á. Bó bá wọlé ní 50, ọkàn mi á balẹ̀, mà á sì pa àpótí náà rẹ́.

5. Orúkọ àti àmì rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù lọ, torí iṣẹ́ tiwa ni, kò sì sí ará òkèèrè tó máa bá wa ṣe é.

Ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ ní ipò tiwọn nínú Unicode. À àti é náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ipò kan ṣoṣo. Lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀, fọ́ńtì ló máa gbé ọ̀kan lé orí èkejì. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò ti àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Àwọn fọ́ńtì oníyẹtuyẹtu tí wọ́n fi ń kọ káàdì ìgbéyàwó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Noto Serif, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí oníbàárà bá taku pé oníyẹtuyẹtu lòun fẹ́, sọ lẹ́tà di ilà, kó o wá fi ọwọ́ ara rẹ to àmì kọ̀ọ̀kan sípò rẹ̀. Má ṣe yọ àmì kúrò nítorí pé fọ́ńtì kò gbà á.

Kódà pẹ̀lú fọ́ńtì tó dára, sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ilà kí fáìlì tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí o ti kọ ọ́. Convert to Curves ni Corel ń pè é, Object to Path ni ti Inkscape, Create Outlines ni ti Illustrator. Tọ́jú ẹ̀dà tí o kò tíì yí padà, torí lẹ́yìn ìyípadà, o kò lè tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tún ṣe mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo fẹ́ gé lẹ́tà jáde nínú acrylic láti lẹ̀ mọ́ ògiri, ronú sí i dáadáa. Gé Ọ̀ṣun jáde, àmì abẹ́ Ọ̀ yóò já bọ́, ti ṣ yóò já bọ́, àmì ohùn náà yóò bá wọn lọ. O lè lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pátákó kan lẹ́yìn. O sì lè lo ilà kékeré olóòró lábẹ́ lẹ́tà, bí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ti ń ṣe é, kí ilà náà so mọ́ ìdí lẹ́tà. Èmi fẹ́ràn èyí, ojú rẹ̀ máa ń mọ́.

Lẹ́yìn náà, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kó o tó jó o: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?” Bí kò bá fi àmì sí i nígbà tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé fóònù ni kò jẹ́ kí wọ́n fi sí i, inú wọn á sì dùn pé ẹnìkan béèrè.

6. Yẹ ilà wò. LightBurn kì í ka bí ilà ṣe nípọn tó. Férémù tí o yà nípọn ní mìlímítà mẹ́ta yóò wọlé bí ilà tín-ín-rín kan ṣoṣo, àyàfi bí o bá ti lo Stroke to Path nínú Inkscape, tàbí Convert Outline to Object nínú Corel. Àwòrán tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé kò ní ṣeé fín kún, kó o pa ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bí ilà méjì bá dùbúlẹ̀ léra wọn, lésà yóò gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, etí pákó yóò sì di dúdú. Delete Duplicates ló ń mú èkejì kúrò. Bí lẹ́tà oníyẹtuyẹtu bá gun ara wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé ni kò ní fín, yóò wá dà bí ihò nínú orúkọ ìyàwó. Lo Weld láti so wọ́n di ọ̀kan.

7. Àwọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ iṣẹ́. Yan pupa fún gígé, dúdú fún fínfín, kó o má sì yí i padà láé. Jẹ́ kó fín ná, kó gé ihò inú, kó tó gé etí ìta. Bí etí ìta bá kọ́kọ́ gé, iṣẹ́ lè yẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà.

8. Àwòrán rọ́bà òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní òdì, kí ọ̀tún rẹ̀ di òsì, kó tó wọlé. Acrylic tí à ń fín lẹ́yìn láti kà níwájú náà bẹ́ẹ̀.

9. Fọ́tò ènìyàn fẹ́ sùúrù. Gé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, sọ ọ́ di aláìláwọ̀, kó o wá yan Jarvis tàbí Stucki nínú LightBurn kí ẹ̀rọ lè fi àmì kéékèèké ya òjìji ojú. Àwọ̀ dúdú tiwa fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀ lórí pákó: bí o bá fi fọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti ilà ojú yóò jó pọ̀ di dúdú kan náà. Gbé ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀ sókè títí ìrísí ojú yóò fi yọ, ṣùgbọ́n má ṣe bó ènìyàn di funfun. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Lórí síléètì dúdú, funfun ni lésà ń fi sílẹ̀, nítorí náà sọ dúdú fọ́tò di funfun, funfun rẹ̀ di dúdú, kó o tó fín in. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò olóògbé ni wọ́n mú wá, ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o ṣiṣẹ́ lé. Ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílé.

10. Wo Preview, kó o ka iye ìṣẹ́jú tó máa gbà. Bó bá pẹ́, tan jẹnẹrétọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, má dúró de NEPA. Fín díẹ̀ lórí àlòkù pákó kan náà. Lẹ́yìn iṣẹ́, tọ́jú fáìlì pẹ̀lú orúkọ oníbàárà, ọjọ́, irú pákó, eré àti agbára tí o lò. Fi fáìlì àkọ́kọ́ tí oníbàárà mú wá sí àpò kan náà, má sì ṣe kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.