Orí Kẹfà: Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Gun Òkè

Ọ̀pọ̀ ará Mùṣín, Yábà àti Sùúrùlérè ló ti lọ sí kámpù rí. Kámpù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bọ́ọ̀sì á gbé wọn lọ, ẹlòmíràn á ti ṣètò oúnjẹ àti ibùsùn dè wọ́n. Kámpù mìíràn la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú orí yìí, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣètò: kí ẹ lọ sun oorun alẹ́ méjì nínú ilé kékeré tí igi yí ká, ní ẹsẹ̀ òkè, kí ẹ sì padà bọ̀ láìjẹ gbèsè, láìṣe ara yín léṣe.

Ìkógòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì la yàn. Òkè tí igbó bò ló yí ìlú náà ká. Omi méjì ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn sún mọ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé, ẹni tó bá dúró síbi tí wọ́n ti pàdé lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ooru, kó fi ìkejì sínú òtútù. Ooru omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà sún mọ́ ti ara ènìyàn, kò lè jó ọmọdé. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, pé ọ̀kan gbóná lára, èkejì sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní tiwọn ṣàlàyé pé òjò tó ń rọ̀ sórí òkè ló ń gba ojú sísán inú àpáta wọlẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń jìn wọ inú ilẹ̀ tó ni ooru ń pọ̀ tó. Ooru yìí ló ń mú omi náà móoru kó tó wá ọ̀nà padà sókè.

Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà sọ ibẹ̀ di kámpù. Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú wọn ni Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee. Nígbà tó yá, kámpù náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ilé kéékèèké wà níbẹ̀ láàárín àwọn igi gíga, tí àlejò lè sanwó sùn sí. Ṣálẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sílẹ̀ ni oṣù tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí òun ló máa sọ ẹrù tí ẹ máa dì. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò ń rọ̀. Igbó á tutù yọ̀yọ̀, ìṣàn omi orí òkè á kún, ṣùgbọ́n ọbẹ̀dò á lẹ̀ mọ́ àpáta, àpáta á sì máa yọ̀. Nígbà ọyẹ́, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà dára, àmọ́ òtútù òru ibẹ̀ kọjá èyí tí ará Èkó mọ̀, ewé gbígbẹ sì yára gbiná. Tí ẹ bá bi mí, oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń lọ, omi kò tíì fà tán, ojú ọ̀run sì mọ́.

Owó ló kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ: aránṣọ méjì ní Àgúdà, ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, olùkọ́ kan ní Yábà, onídìrí kan àti awakọ̀ kan. Wọ́n dá àjọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ ṣírò ó sínú ìwé yín:

5,000 × 6 = 30,000 náírà lọ́sẹ̀ kan
30,000 × 10 = 300,000 náírà

Kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, wọ́n yọ 30,000 sọ́tọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì: táyà tó bẹ́, ẹni tí ibà mú, alẹ́ kan tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù, 270,000, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ọkọ̀, ilé àti oúnjẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí o, owó ọkọ̀ àti owó ilé kì í dúró sójú kan. Tí owó tí wọ́n bá dá lé yín bá ga ju ti inú ìwé yín lọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún àjọ náà, tàbí kí ẹ sun alẹ́ kan dípò méjì. Ẹ má fọwọ́ kan owó òjijì láti fi dí i.

Ẹ pe ibi tí ẹ máa sùn sí kí ẹ tó sanwó, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ẹ bèèrè iye yàrá tó wà nínú ilé kan, iye bẹ́ẹ̀dì inú yàrá, wákàtí tí iná máa ń wà, bóyá omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, àti bóyá wọ́n gbà kí àlejò dáná. Ẹ bèèrè bóyá owó àbáwọlé wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ san àsansílẹ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé ìgbafẹ́ náà ló wà lórí àkáǹtì tí wọ́n fún yín. Tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ dúró ná, kí ẹ wádìí.

Ní ti ọ̀nà, ọ̀nà méjì ló wà fún ará Mainland. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágọmejì. Ọdún 2021 ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn fún gbogbo ènìyàn. Mọ́níyà lẹ máa sọ̀ sí, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ dé Ìwó Róòdù, ibẹ̀ lẹ ti máa rí èyí tó ń lọ sí apá Iléṣà àti Èkìtì. Ìrìn náà dùn fún ẹni méjì tí ẹrù wọn kò pọ̀. Fún ẹni mẹ́fà tó ru kúlà àti ìkòkò, mo rò pé kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì kan láti Mùṣín ló sàn jù: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Arámọkọ, Èrìjiyàn, kí wọ́n tó dé Ìkógòsì. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú yìí tẹ̀ léra wọn, kí ẹni tó jókòó sí iwájú lè máa fàlà sí èyí tí ẹ bá ti kọjá. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ má rin òru rárá. Àwọn ajínigbé ti jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà wa rí, ọ̀nà orí òkè sì ní kọ́nà tó ṣòro fún awakọ̀ tí oorun ń kùn.

Ẹrù kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹ ra aṣọ òtútù òkìrìkà ní Yábà. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ, sílípáàsì kò ṣeé gun àpáta. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, pílásítà àti oògùn tí oníkálukú ń lò. Ẹ mú náílọ́ọ̀nù ńlá dání, kí ẹ fi kó ìdọ̀tí yín padà kúrò nínú igbó. Gaàrí, ẹ̀pà, iyọ̀, epo àti ata gígún lẹ lè rà ní Mùṣín. Ẹ má ru iṣu láti Èkó lọ sí Èkìtì! Iṣu tó dára wà lójú ọ̀nà yín, owó yín á sì wúlò fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ lè ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún ìṣàn omi Àrìnta ní Ìpólé Ìlórò, kò jìnnà. Ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà dání. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù ni kí ó ṣíwájú, kí àwọn tó kù máa rìn bó ṣe ń rìn. Tí òjò bá ṣú lórí òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí omi lè ya dé láti òkè nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níbi tí ẹ wà. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò àpáta, ejò lè wà níbẹ̀.

Ìwé kan ṣì kù tí ẹ máa kọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè má dáa láàárín òkè, fóònù sì lè kú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín, nọ́ńbà ará ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà awakọ̀ àti ti ilé tí ẹ máa sùn sí. Ẹ fi 112 kún un fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, àti 122 tí í ṣe ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ rò pé ẹ máa padà. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ kó ọ̀kan sínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ fún ará ilé kan tó mọ̀ ọ́n kà, kí ẹ sì ní kí ó kà á sí yín létí kí ẹ tó jáde, kó lè dá yín lójú pé ọwọ́ ìkọ̀wé yín yé e.