Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Kì í Ṣe Ẹyin Adìẹ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ni ó ní pẹ́pẹ́yẹ méjì tàbí mẹ́ta ní àgbàlá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó lè sọ pé òun jẹ èrè gidi lára wọn. Ẹyin a pọ̀, ọmọ a kéré. Bí ọmọ bá sì jáde, kí oṣù tó parí, yóò ku ẹyọ kan tàbí méjì. Àwọn ènìyàn a máa di ẹ̀bi náà ru àṣá tàbí aráyé. Ní tòótọ́, ohun tí ó ń pa púpọ̀ nínú wọn ni pé a ń tọ́jú wọn bí ẹni pé adìẹ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó kòkó kì í wọlé ní oṣooṣù, àrùn tí ń gbá adìẹ lọ nígbà ọyẹ́ kì í sì sábà pa pẹ́pẹ́yẹ. Ilé tí ó bá ní ogún pẹ́pẹ́yẹ tí ó ti dàgbà lè san owó ilé-ìwé ọmọ láì tọ olówó-èlé lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ní. Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí awọ pupa ṣù sí ojú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ àwọn Òyìnbó. Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Ọmọ a máa jáde láti inú ẹyin adìẹ ní ọjọ́ 21, láti inú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ Òyìnbó ní ọjọ́ 28. Ṣùgbọ́n tiwa yìí a máa gba nǹkan bí ọjọ́ 35. Ẹ fi èédú kọ ọjọ́ tí ìsàba bẹ̀rẹ̀ sí ara ògiri. Àìmọye ẹyin tí ọmọ ààyè wà nínú rẹ̀ ni a ti dà sí ààtàn ní ọjọ́ 30, nítorí olówó rẹ̀ rò pé ó ti bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ni kí ẹ máa kó ẹyin. Ẹ gbé e sí ibi tútù, kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó kọjú sí ilẹ̀, kí ẹ sì máa yí i lójoojúmọ́. Ẹyin tí ó ti ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tà á. Ẹ má ṣe fọ èyí tí ẹ fẹ́ sàba lé. Omi a máa gbé ìdọ̀tí gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo rẹ̀ wọlé.

Ìyá tí ó yé e ni ó sàn jù láti sàba lé e. Abo pẹ́pẹ́yẹ kan lè bo ẹyin 12 sí 15 dáadáa. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo adìẹ, ẹ má ṣe fún un ju 6 tàbí 7 lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé ó lè dìde ní ọjọ́ 21, nítorí iye tí ara rẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Ẹyin náà wúwo fún un láti yí, nítorí náà ẹ fi èédú sàmì sí apá kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ohun mìíràn tún wà. Pẹ́pẹ́yẹ a máa lọ wẹ̀, a sì padà sórí ẹyin pẹ̀lú ìyẹ́ tútù. Adìẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 ìkẹyìn, ẹ máa fi omi lílọ́ wọ́wọ́ wọ́n ẹyin tí ó wà lábẹ́ adìẹ. Bí èèpo bá gbẹ jù, ọmọ kì yóò lè fọ́ ọ jáde.

Ẹ da eérú yí ìtẹ́ ká nítorí ìjàlọ, kí ẹ sì gbé fìtílà lọ wò ó lóru. Ìjàlọ lè pa ìyá lórí ẹyin.

Ní ọjọ́ 10, ẹ dá páálí kan lu, kí ẹ gbé ẹyin sí ihò náà níwájú fìtílà nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tàn ká bí okùn aláǹtakùn, ọmọ wà níbẹ̀. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan nínú.

Nígbà tí ọmọ bá sọ èèpo, ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kí ó tó jáde. Níhìn-ín ni ìkánjú ti ń pa ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ abẹ́ èèpo, pupa ẹyin kò sì tíì wọ inú rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá bó o yóò ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá jáde, kò nílò oúnjẹ ní ọjọ́ kìíní.

Omi ni ó ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyẹ omi. Ìhùùhù ara rẹ̀ a máa gbẹ bí ìyá bá wà láti gbá a mọ́ra. Bí kò bá sí ìyá, yóò rin, òtútù yóò sì pa á. Ẹ fún un ní omi nínú àwo pẹlẹbẹ tí a kó òkúta sí, kí ó jìn tó láti ki imú bọ̀, kí ó má sì jìn tó láti wẹ̀.

Àgbàdo nìkan kò tó o. Èròjà tí a ń pè ní niásínì kéré fún un nínú àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì ṣe wọ́rọ́kọ́. Ẹ lọ ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀pà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀pà lílọ̀ tí ó bu pa tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ, ó sì pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú. Májèlé yìí, tí a ń pè ní aflatoxin, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn ẹran ọ̀sìn tí ó tètè ń pa. Ohun tí ẹ kò bá lè jẹ, ẹ má ṣe dà á fún wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ oko ní ọjọ́ tí ẹ bá fún oògùn aláwọ̀ aró sí kòkó, kí ẹ sì dá wọn dúró níbi tí ẹ ń sá kòkó, nítorí májèlé ni kòkó jẹ́ fún ẹyẹ. Nígbà tí ìyẹ́ bá ti bo àyà wọn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n lọ sí odò. Akọ kan tó abo márùn-ún. Kí ó má jẹ́ ọmọ ìyá wọn, ẹ fi tiyín ṣe pàṣípààrọ̀ ní abúlé kejì. Ẹ ó mọ akọ nípa títóbi rẹ̀, àti pé kì í ké, bí ejò ni ó ń fín.