Kí oníbàárà tó pariwo: Bí ètò ìṣọ́ kọ̀ǹpútà ṣe lè gba oníṣòwò Ọ̀jọ́ lọ́wọ́ àdánù

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Nàìjíríà: iṣẹ́ àwọn báǹkì kan dẹnu kọlẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan sì ń rìn bí ìgbín. Ìsàlẹ̀ òkun ni wáyà ti já, ṣùgbọ́n orí káńtà oníṣòwò ni ariwo rẹ̀ pọ̀ sí.

Fún ẹni tó ń ṣe òwò POS ní Okokomaiko, tàbí tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: níbo ni àléébù náà wà? Ṣé router inú ṣọ́ọ̀bù ni, ṣé ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà ni, àbí báǹkì? Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa pa ẹ̀rọ, yóò tún máa tan án. Yóò ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yóò sanwó ọkọ̀ fún un, kó tó mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ òun rárá.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, oníbàárà wà lórí ìdúró: "Màmá, wọ́n ti yọ owó mi ní báǹkì o, ẹ ò sì tíì fún mi lówó." Bí màmá bá sanwó, tí báǹkì wá dá owó náà padà fún oníbàárà lọ́jọ́ kejì, owó màmá ló wọgbó. Bí kò bá sì san, oníbàárà lè bínú lọ, kó má padà wá mọ́. Ohun tí yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú kí oníbàárà tó dé.

Ọlọ́dẹ tí kì í sùn

Ètò ìṣọ́ kọ̀ǹpútà dà bí ọlọ́dẹ àdúgbò. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ káàkiri, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Èyí tó bá dáhùn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe yá a tàbí bó ṣe lọ́ra tó. Èyí tí kò bá dáhùn, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ọ̀gá.

Ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni Zabbix. Alexei Vladishev, ní orílẹ̀-èdè Latvia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998, ó sì gbé e jáde fún aráyé lọ́dún 2001. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí owó àṣẹ tí ẹnikẹ́ni ń san lórí rẹ̀. Ohun tí oníṣòwò yóò náwó sí ni kọ̀ǹpútà tí yóò gbé e, iná, dátà, àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó bá a gbé e kalẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹtẹ́nà

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Alaba International, ní Ọ̀jọ́, tí kò mọ kọ̀ǹtẹ́nà. Láyé àtijọ́, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń já ẹrù inú ọkọ̀ òkun. Lọ́dún 1956, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Malcom McLean kó kọ̀ǹtẹ́nà 58 sínú ọkọ̀ Ideal-X, láti ìgbà náà sì ni òwò ẹrù ti yí padà. Ohun yòówù kó wà nínú àpótí náà, krénì kan náà ló ń gbé e, tírélà kan náà ló ń wọ́ ọ.

Orí èrò yìí náà ni Docker, tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 2013, dúró lé. Dípò kí oníṣẹ́ máa to nǹkan sínú kọ̀ǹpútà ní ẹyọ ẹyọ, tí ọ̀kan á sì máa bá èkejì jà, wọ́n á di ètò kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ní Docker lè gbé àpótí náà.

Kọ̀ǹtẹ́nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbé Zabbix ró. Èkíní ni ọlọ́dẹ gan-an, tó ń lọ káàkiri. Èkejì ni ojú ìwé tí ọ̀gá ń ṣí lórí fóònù láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹ̀kẹta ni dátábéèsì, ìyẹn ìwé ńlá tí ọlọ́dẹ ń kọ gbogbo ohun tó rí sí. PostgreSQL tàbí MySQL ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ìyẹn. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní compose ló ń sọ fún Docker bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ṣe jùmọ̀ ṣiṣẹ́.

Dátábéèsì ni ibi tí àṣìṣe ti ń dunni

Kọ̀ǹtẹ́nà kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú títí ayé. Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ńṣe ni oníṣẹ́ máa ń da ti tẹ́lẹ̀ nù, tí yóò sì gbé tuntun sípò rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú èyí tí wọ́n dànù bá a lọ nìyẹn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ìta kọ̀ǹtẹ́nà ni àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà, nínú ibi ìpamọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní volume, tí wọ́n sì fún lórúkọ tirẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ bi oníṣẹ́ nìyí: "Bí ẹ bá da kọ̀ǹtẹ́nà yìí nù lónìí, ṣé àkọsílẹ̀ mi yóò ṣì wà?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn kò tíì parí iṣẹ́.

Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Bí oníṣòwò bá ní àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́, tó fi hàn pé dátà tó ń rà máa ń lọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ní ohun tí yóò fi bá ilé iṣẹ́ tó tà á fún un sọ̀rọ̀. Láìsí i, ẹjọ́ ẹnu lásán ni.

Kò sì gba àyè púpọ̀. Bí ìwé ìtọ́ni Zabbix ṣe ṣírò rẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹyọ kan máa ń gba nǹkan bíi byte 90. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń ṣọ́ ohun 100 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ 144,000 nìyẹn lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi megabyte 13. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó megabyte 400. Kí oníṣẹ́ ṣètò rẹ̀ kí ẹ̀dà kan máa lọ síbòmíràn ní alaalẹ́, kó sì máa dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù bóyá ẹ̀dà náà ṣeé lò. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Àtẹ̀gùn mẹ́rin

Kí ọlọ́dẹ tó lè sọ ibi tí àléébù wà, ó gbọ́dọ̀ máa gun àtẹ̀gùn mẹ́rin yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

1. Router àti kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọn kò bá dáhùn, ó lè jẹ́ iná ló lọ tàbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

2. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà. Bí router bá dáhùn tí èyí kò dáhùn, ọ̀dọ̀ wọn ni kí oníṣòwò pè.

3. Àdírẹ́sì kan tó wà lókè òkun. Bí èyí nìkan ni kò dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ju ti àdúgbò lọ, bíi ti oṣù kẹta ọdún 2024.

4. Ojú ìwé báǹkì tàbí ti ilé iṣẹ́ POS. Bí gbogbo ti òkè yìí bá dáhùn tí èyí kò dáhùn, ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣòro wà, kò sì sí ìdí láti máa pa router.

Kí ọlọ́dẹ má sì pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan kò bá dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ló dára kó tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ariwo tó pọ̀ jù ni kì í jẹ́ kí ọ̀gá ka àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Bí ọlọ́dẹ bá ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà tó ń ṣọ́, ọjọ́ tí iná bá lọ, òun náà sùn nìyẹn. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọ̀jọ́ Cantonment àti òmíràn ní Ìbà lè jẹ́ kí ti Ìbà máa ṣọ́ ti Cantonment, kí ti Cantonment náà sì máa ṣọ́ ti Ìbà. Ẹni tó ní ẹyọ kan lè háyà àyè kékeré lórí server tó wà níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà ńkọ́? Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ìránṣẹ́ tó fẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá kò ní jáde. Modem kékeré tó ní SIM lè fi SMS ránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Bákan náà, ẹni tó bá ra dátà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì lè rò pé òun ti ní ọ̀nà méjì, nígbà tó jẹ́ pé wáyà òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Lọ́jọ́ tí wáyà mẹ́rin yẹn já, Glo-1 àti Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, kò sí lára wọn. Ó yẹ kí oníṣòwò béèrè wáyà tí dátà tó fẹ́ rà ń gbà kọjá kó tó sanwó.

Ilẹ̀kùn tí kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí

Orúkọ ìwọlé tí Zabbix ń bá wá ni Admin, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ni zabbix. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí wọ́n yí i padà. Dátábéèsì kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí oníṣẹ́ má sì gbọ́kàn lé ufw nìkan, nítorí ilẹ̀kùn tí Docker bá ṣí fúnra rẹ̀ máa ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọlọ́dẹ kì í tún nǹkan ṣe. Ó ń jíṣẹ́ ni. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa gba ìròyìn náà, kí nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè fún àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé lórí káńtà. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi router kan, ojú ìwé báǹkì kan àti fóònù kan bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ìyókù kò ní ṣòro.