Ará Ilé tí Ọtí ti Di Bárakú fún

Nígbà tí a bá ta kòkó tán tí owó sì wọ ilé, ìgbà náà ni ìyọnu máa ń pọ̀ jù fún ìdílé tí ọtí ti di bárakú fún ẹnìkan nínú rẹ̀. Gbèsè tí ó ti jẹ láti ìgbà òjò yóò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ yóò sì tú owó tí ó so sí etí aṣọ láti san án, kí ojú má baà ti ìdílé. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la ọlọ́tí yóò tún ta àwìn fún ọmọ náà, nítorí ó ti mọ ẹni tí yóò san án.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín bíbọ́ ènìyàn àti bíbọ́ ọtí. Kí a fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi owó lé e lọ́wọ́, kí a má ṣe san gbèsè ọtí rẹ̀, kí a má sì ṣe purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí ó bá ní aya àti ọmọ, ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí a fi iṣu àti epo lé aya lọ́wọ́, kí a sì san owó ìwé àwọn ọmọ ní ilé ìwé fúnra rẹ̀. Baba inú Lúùkù orí 15 kò ru àpò owó tọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, síbẹ̀ ó rí i lọ́nà kí ó tó dé ilé.

Àgbẹ̀ a máa gbin pèrègún sí ààlà oko ní ọ̀sán gangan, kí aládùúgbò rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ní òwúrọ̀ tí ojú rẹ̀ dá ni kí a sọ ohun tí a kò ní ṣe mọ́, láìbú u. Kí gbogbo ilé sì fi ohùn sí i. Bí baba bá kọ̀ tí ìyá àgbà ń fún un ní kọ̀rọ̀, asán ni. Bí ó bá ń na aya rẹ̀, kí obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní alẹ́ náà gan-an. Èyí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣìnà níhìn-ín: wọn a ti ọmùtí mọ́lé, wọn a sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹni tí ó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó lè ṣubú bí oníwárápá. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ó lè máa rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, ṣùgbọ́n ó lè pa á. Ojú dókítà ni kí ó ti fi ọtí sílẹ̀. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà T. A. Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí ń tọ́jú wọn, nítorí a ka ẹbí mọ́ ìwòsàn.

Ohun kan wà tí ààlà kò kàn. Ní ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ojú àwọn kan ti fọ́ kí wọn tó kú. Bí ọmùtí bá wí pé ojú òun ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó san owó ọkọ̀.