Kí N Rà Á Ni, Àbí Kí N Tò Ó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà wa, mo fẹ́ kọ̀ǹpútà tí n ó máa fi gbá géèmù. Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ti tò parí ni, àbí kí n ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ọmọ wa ọ̀wọ́n, bí o bá ní sùúrù, tò ó fúnra rẹ, nítorí ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àti pé ẹlòmíràn nínú àwọn tí ń ta èyí tí a ti tò parí a máa fi iná aláràbarà ṣe ìta rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, a sì fi pawa sọ́pláì tí kò níláárí sí inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀yà yìí gan-an ni gbogbo ìyókù ti ń jẹun. Káàdì àwòrán RTX 4060 nìkan lè gba wáàtì 115, àwọn tí ó ṣe é sì ní kí pawa sọ́pláì má dín ní wáàtì 550. Káàdì náà ni kí o náwó lé jù, kì í ṣe àpótí. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, lọ ra èyí tí wọ́n ti tò parí ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí òǹtajà ṣí ìdérí rẹ̀ lójú rẹ kí o tó sanwó. Èyí ó wù kí o ṣe, fi owó UPS, ẹ̀rọ tí ń fi iná pamọ́, sílẹ̀, nítorí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ní bátìrì, àwọn oníná wa kì í sì í dágbére kí wọ́n tó mú iná lọ.