Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Padà sí Ìjọ Àgùdà

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní Ìjọ Àgùdà ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ ló kúrò níbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọkọ lọ sí ìjọ mìíràn. Òmíràn fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹlòmíràn wáṣẹ́ lọ sí Èkó, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ àfi nígbà òkú tàbí ìgbéyàwó. Ìgbà tí ọjọ́ orí bá ń lọ, tí ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò ti sìn ín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lóminú, ló ń rántí ìjọ tó tọ́ ọ dàgbà. Ìyẹn kò burú. Pípadà kò nira tó dídúró, ohun tó sì ń mú ẹni tó padà dúró ni iṣẹ́ tó bá ń ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀.

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìjọ Àgùdà kì í ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló kù fún ẹni tó ń bọ̀. Kí ó bá Fadá tàbí kátíkíìsì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó sì sọ iye ọdún tó ti lò níta láìfi kan bò. Bó bá ti gbàgbé àdúrà ìrònúpìwàdà, Fadá yóò máa kà á, òun yóò máa gbè é. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìjọ tí wọ́n ti jẹ sílẹ̀ ni. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní ìpín 848, ní kí àlùfáà rí i pé àìlówó kò dí aláìní lọ́wọ́ sákáráméńtì. Owó ìjọ ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìjẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló le jù. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo nílànà ìbílẹ̀, tí wọn kò tíì so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní í lè gba Kómúníọ̀nù títí wọn yóò fi ṣe é. Ìnáwó ló ń bà wọ́n lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ Fadá àti ẹlẹ́rìí méjì ni òfin béèrè. Kò mẹ́nu ba aṣọ ẹbí, kò mẹ́nu ba màlúù. Ti olóbìnrin púpọ̀ yàtọ̀. Kò lè gba Kómúníọ̀nù bí ọ̀ràn rẹ̀ ṣe wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má wá sí Míísà, iṣẹ́ àánú kò sì bi í ní iye ìyàwó tó ní.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí àwọn Fadá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA (Society of African Missions) tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, ẹrú kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà. Ní Dáyósíìsì Èkìtì, tí wọ́n yọ lára ti Oǹdó ní 1972, tí Bíṣọ́ọ̀bù Michael Fagun darí títí di 2010 kí Felix Ajakaye tó gbà á, Fadá kan lè ní ìjọ abúlé mélòó kan lọ́rùn. Lọ́jọ́ Àìkú tí kò bá lè dé ọ̀kan nínú wọn, kátíkíìsì ni yóò darí àdúrà. Ẹni tó padà dé yóò rí iṣẹ́ nílẹ̀.

Iṣẹ́ àánú ti ara jẹ́ méje. Mẹ́fà wà nínú Ìhìnrere Mátíù orí 25. Ìkeje, òkú sísin, wá láti inú Ìwé Tòbíìtì. Ti òkú sísin, ará Èkìtì kò nílò olùkọ́. Ìbẹ̀wò aláìsàn ló ṣọ̀wọ́n. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ní Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ilé ti ń gun òkè, kẹ́ẹ̀gì omi kan tí a gbé dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó kì í ṣe ohun kékeré. Kí a bá a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a bá a pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kí a sọ fún Fadá pé kò lè jáde mọ́ kó lè gbé Kómúníọ̀nù wá bá a nílé. Ohun tí ojú bá rí nílé rẹ̀, kí ẹnu má sọ ọ́ lọ́jà.

Ẹgbẹ́ wà fún ẹni tí kò fẹ́ dá a ṣe. Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́, tí Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ń gbé oúnjẹ àti aṣọ lọ bá aláìní. Lẹ́jíọ̀n Màríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní 1921 lọ́wọ́ Frank Duff, kì í fúnni lówó tàbí oúnjẹ. Ìbẹ̀wò àti àdúrà ni tiwọn, méjì-méjì ni wọ́n sì ń lọ. Tálákà tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí kò ní í tijú níbẹ̀.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) sí ní 1959, agbo ilé kan náà sì lè ní Àgùdà, ọmọ CAC àti Mùsùlùmí. Ẹni tó ti ibòmíràn padà wá kò ní láti bú ibi tó ti ń bọ̀. Bó bá ń pọnmi fún arúgbó, kí ó má bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ilé kan lọ́sẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dé lánàá tó ń du ipò alága ẹgbẹ́ lónìí kì í pẹ́ tí yóò fi tún bínú lọ. Ìgbà Lẹ́ńtì, láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Ọdún Àjíǹde, ni ọ̀pọ̀ ń wá jẹ́wọ́, nítorí òfin ní kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí a sì gba Kómúníọ̀nù nígbà Àjíǹde. Bí ìgbà náà bá ti kọjá, kò sí ìdí láti dúró de ọdún tó ń bọ̀. Fadá lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹni tó bá tọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́kọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá jọ fi àdéhùn sí.